Àárò Ìbọn Ayé Àtijọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọmọkùnrin kan wà ní Queens, ní ìlú New York, tó máa ń gbé ìbọn wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ṣọ́jà. Ọmọ iléèwé girama ni. Iléèwé rẹ̀, Xavier, wà ní Manhattan lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn yíyìn díje níbẹ̀, ọmọ náà sì wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ó gbé ìbọn rẹ̀ dání láàárín èrò, kò sẹ́ni tó figbe ta. Antonin Scalia lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun ló sì kọ ìdájọ́ Heller lọ́dún 2008, èyí tó sọ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti ní ìbọn nínú ilé rẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ ojú irin yẹn kì í jìnnà sí ẹnu bàbá náà.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó dàgbà lábúlé ní Pennsylvania tàbí Montana á ní òun máa ń gbé ìbọn ìṣọdẹ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí iléèwé, pé bí agogo ìparí bá ti dún, ó di inú igbó. Òmíràn á ní wọ́n máa ń rán òun lọ ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà, oníṣọ́ọ̀bù ò sì ní bi òun ju àlàáfíà bàbá òun lọ. Òmíràn á sọ ti ìwé àwòrán ọjà Sears, tí ìbọn wà nínú ẹ̀ bí bàtà àti kẹ̀kẹ́ ṣe wà nínú ẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń já sí: ìbọn wà káàkiri nígbà náà, òfin ò tó nǹkan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wọ kíláàsì lọ yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ. Àárò ayé yẹn ń sọ wọ́n gidigidi. Mo ti gbọ́ orin yìí kan náà lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, àwọn tó jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n wà nígbà tí ohun tí wọ́n ń ṣàárò rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Kò burú kéèyàn wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà sílẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí jẹ́ òótọ́, àwọn kan sì wà tí kò sí níbẹ̀ rárá lọ́jọ́ tí wọ́n dì í.

Ní ti ìbọn rírà, wọn ò parọ́. Kó tó di ọdún 1968, òfin ìjọba àpapọ̀ ò bìkítà nípa ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn ìṣọdẹ. Oníbàárà ò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1938 ni òfin ti ní kí oníṣòwò ìbọn gba láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n dọ́là 1 péré ni wọ́n ń san lé e lórí, ẹnikẹ́ni tó bá sì lówó náà lè gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn .22 olówó pọ́ọ́kú ni wọn ò tilẹ̀ tẹ nọ́ńbà sí lára. Sears ní ìbọn tó fi orúkọ tirẹ̀ tà, J.C. Higgins, nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ Ted Williams rọ́pò rẹ̀, gbajúmọ̀ kan nínú eré béèsìbọ́ọ̀lù, bí ìgbà téèyàn bá fi orúkọ Okocha ta ìbọn fáwọn ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn oníṣòwò lọ ń kó ìbọn táwọn ṣọ́jà Yúróòpù ti lò kúrò lójú ogun, ti Ítálì, ti Jámánì, ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó wọn wọ Amẹ́ríkà bí a ṣe ń kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọ Èkó. Ìbọn tòkunbọ̀ ni. Ó pọ̀, kò sì wọ́n.

Ìbọn tòkunbọ̀ kan ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Nínú oṣù kejì ọdún 1963, ìpolówó kan jáde nínú American Rifleman, ìwé ìròyìn tí NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń tẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Klein's ní Chicago ló polówó ìbọn Ítálì kan, tòun tawò ìfojúsùn lórí rẹ̀, dọ́là 19.95. Ọkùnrin kan ní Dallas gé ìpolówó náà, ó kọ orúkọ A. Hidell sí i, ó fi dọ́là 1.50 lé e fún owó ìfiránṣẹ́, ó ki máníọ́dà bọ inú àpò ìwé, ó fi ránṣẹ́. Ìbọn náà bá a ní àpótí rẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni Lee Harvey Oswald. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ìbọn yẹn pa Ààrẹ Kennedy.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò lè kà kọjá láìdánu dúró. Lọ́dún 1958, nígbà tí Kennedy ṣì jẹ́ sẹ́nétọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àbá òfin kan lọ síwájú àwọn aṣòfin pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìbọn ológun láti òkèèrè wọlé mọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ìbọn ń bà á. Massachusetts tó ń ṣojú fún kún fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ ìbọn, ìbọn tòkunbọ̀ sì ń ba ọjà wọn jẹ́. Àbá náà ò di òfin bó ṣe fẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, irú ìbọn tó ní kí wọ́n má kó wọlé ni wọ́n fi yìn ín.

Ìbọn ìléwọ́ tí Oswald fi pa ọlọ́pàá kan lọ́jọ́ yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti ọdún 1927 ni òfin ti ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ gbé ìbọn ìléwọ́ fáráàlú. Ṣùgbọ́n òfin ò sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń gbé ẹrù. Nítorí náà, Oswald ra ti ìléwọ́ láti Los Angeles, ilé iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ló sì gbé e dé Dallas. Báyìí ni òfin ayé àtijọ́ ṣe máa ń rí: wọ́n ti ìlẹ̀kùn iwájú, wọ́n ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ikú Ààrẹ ló sọ òfin di líle lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò mọ Amẹ́ríkà. Sẹ́nétọ̀ Thomas Dodd láti Connecticut ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ ìbọn rírà nípasẹ̀ ìwé láti ọdún 1961. Àbá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ní ọdún 1964, ó wà nílẹ̀ ní 1965, ó wà nílẹ̀ ní 1967. Ìgbà tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní oṣù kẹrin ọdún 1968, tí wọ́n tún yìnbọn pa Robert Kennedy ní oṣù kẹfà, ni ọwọ́ àwọn aṣòfin tó yá. Ààrẹ Johnson buwọ́ lu òfin náà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá. Ó fòpin sí fífi ìwé ra ìbọn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ó fi ọjọ́ orí lélẹ̀: ọdún 18 fún ìbọn gígùn, 21 fún ti ìléwọ́, lọ́dọ̀ oníṣòwò. Ó ní kí gbogbo ìbọn tuntun ní nọ́ńbà. Ó ti ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn ológun tòkunbọ̀. Lọ́jọ́ tí Johnson buwọ́ lù ú gan-an ló tún fajú ro pé òfin náà ò tó, pé òun fẹ́ kí wọ́n forúkọ gbogbo ìbọn sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín sì gba ìwé àṣẹ. Ọdún 1968 yìí làwọn tó ń ṣàárò máa ń pè ní ọdún tí ayé bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà wo gan-an ni "nígbà yẹn"? Tá a bá padà sẹ́yìn dé àwọn ọdún 1920, ìbọn arọ̀jò-ọta Thompson wà lọ́jà fún aráàlú ní nǹkan bíi dọ́là 200, ẹni tó bá lówó lè rà á láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọmọọ̀ta tó ń ta ọtí tí ìjọba fòfin dè ní owó náà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1929, wọ́n fi í pa èèyàn méje mọ́ ara ògiri gáréèjì kan ní Chicago. Lọ́dún 1934, ìjọba Roosevelt fi owó orí dọ́là 200 lé irú ìbọn bẹ́ẹ̀, iye tó tó ti ìbọn náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tó ní in lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú àbá náà níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kó tó di òfin. Títí dòní, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe yọ ọ́ yẹn kò tíì tán lẹ́nu àwọn òpìtàn.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún 1934 ni ààrẹ ẹgbẹ́ NRA, Karl Frederick. Ó jókòó níwájú àwọn aṣòfin, ó ní òun ò gbà pé ó dáa kí gbogbo èèyàn máa gbé ìbọn kiri. Lẹ́yìn ikú Kennedy, Franklin Orth, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ náà, tún wá sọ pé ẹgbẹ́ òun ò lòdì sí kí wọ́n fòpin sí irú ọjà tí Oswald rà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1871 láti kọ́ àwọn ọkùnrin ní ìbọn yíyìn ni NRA, nítorí ojú àwọn ṣọ́jà Ogun Abẹ́lé ò gún tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ ọdẹ àti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ló jẹ́. Alẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ yí padà: ìpàdé ẹgbẹ́ náà ní Cincinnati, oṣù karùn-ún ọdún 1977. Àwọn olórí fẹ́ kó olú ilé iṣẹ́ lọ sí Colorado, kí wọ́n gbájú mọ́ ìṣọdẹ àti igbó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bínú sí òfin 1968 dìde, wọ́n dìbò títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, wọ́n lé àwọn àgbà náà kúrò, wọ́n fi Harlon Carter joyè. Láti alẹ́ yẹn ni ẹgbẹ́ náà ti ń jà fún ìbọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí àárò NRA ti bàbá rẹ̀ bá ń sọ, ẹgbẹ́ tó gbà pé òfin lè wà ló ń ṣàárò rẹ̀, bó mọ̀ bó ò mọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká kúrò níwájú káńtà oníṣòwò, ká bọ́ sí ìta gbangba, nítorí ibẹ̀ ni àárò náà ti ń ṣini lọ́nà jù. Gbogbo wa la wo sinimá kaboi: ọkùnrin wọ ìlú, ìbọn méjì nídìí, ó wọ ilé ọtí, gbogbo ojú yí sí i. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ayé òmìnira. Ìlú Dodge City ní Kansas, tí ọ̀pọ̀ sinimá ti sọ di ìlú ìbọn, ní pátákó kan lójú títì lọ́dún 1878 tó sọ fún àlejò pé gbígbé ìbọn kiri di èèwọ̀ pátápátá. Ìlú Tombstone ní Arizona ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1881: ẹni tó bá wọ ìlú, kó lọ fi ìbọn sílẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni ìjà O.K. Corral tó lókìkí jù lọ nínú gbogbo ìtàn kaboi bẹ́ sílẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló kú. Kí ló fa ìjà náà lọ́jọ́ yẹn? Virgil Earp, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, àtàwọn àbúrò rẹ̀ lọ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri nígboro. Ìjà lórí òfin ìbọn ni.

Texas ńkọ́, tó jẹ́ olú ìlú àárò yìí? Lọ́dún 1871, Texas fòfin de gbígbé ìbọn ìléwọ́ kiri. Àyè wà fún ẹni tó wà nínú ọgbà ara rẹ̀, fún arìnrìn-àjò, àti fún ẹni tó ní ìdí gidi láti bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ pa òun. Àmọ́ fún ẹni tó kàn fẹ́ ki ìbọn bọ ìdí kó lọ sọ́jà, èèwọ̀ ni. Òfin yẹn wà títí di ọdún 1995, nígbà tí Gómìnà George W. Bush buwọ́ lu òfin láísẹ́ǹsì. Lọ́dún 2021, Gómìnà Greg Abbott tún mú láísẹ́ǹsì náà kúrò, tó fi jẹ́ pé àgbàlagbà tí òfin ò bá kọ̀ fún lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri báyìí láìgba ìwé kankan. Ìbọn tó wà lójú wíńdò ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù bàbá lọ́dún 1960 bófin mu, torí ìbọn gígùn ni. Ti ìléwọ́ tó wà nídìí ọmọ rẹ̀ lónìí, bàbá náà ì bá fẹ̀wọ̀n jura fún un. Texas nìkan kọ́. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, Vermont nìkan ni ìpínlẹ̀ tó jẹ́ kéèyàn fi ìbọn pamọ́ sára kiri láìgbàwé. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti di 29.

Àní ọmọkùnrin inú ọkọ̀ ojú irin yẹn, ìbọn gígùn ló gbé. Ká ní ti ìléwọ́ ló ki bọ àpò láìgbàwé ni, òfin Sullivan, tó ti wà ní New York láti ọdún 1911, wà níbẹ̀ láti mú un. Ilé ẹjọ́ tí Scalia jókòó sí ló wá fọ́ ara òfin New York yẹn sí wẹ́wẹ́ lọ́dún 2022, nínú ẹjọ́ Bruen, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣàárò ayé tí òfin ìbọn ò le ń gbé inú rẹ̀ báyìí, ó kéré tán lójú títì. Ó le níwájú káńtà ju tàtijọ́ lọ. Ó rọ̀ lójú títì ju tàtijọ́ lọ. Ayé tí wọ́n rántí gan-an, òdìkejì èyí ni.

Ta ló tilẹ̀ ní ìgbà yẹn? Lọ́dún 1865, kété tí Ogun Abẹ́lé parí tí wọ́n sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀, Mississippi ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú tí kò gbàwé ò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ìwé náà, àwọn ìgbìmọ̀ kan ní káńtì kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn. Ó rọrùn láti mọ iye tí wọ́n máa fún. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé Martin Luther King ní Montgomery, ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ilé. Ó lọ béèrè ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn. Wọn ò fún un. Pásítọ̀ ni, àwọn ọlọ́pàá mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn gan-an ni wọn ò ṣe fún un. Ọdún 1956 yìí wà láàárín gbùngbùn àwọn ọdún tí wọ́n ń ṣàárò.

Ìgbà táwọn dúdú gbé ìbọn síta ni wọ́n tún rí bí òfin ṣe ń yára sáré. Ní Jonesboro, Louisiana, lọ́dún 1964, àwọn ọkùnrin dúdú kan, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe ṣọ́jà rí, dá ẹgbẹ́ Deacons for Defense sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ṣọ́ ilé àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ lálẹ́. Ní California, àwọn Black Panther ń tẹ̀ lé ọlọ́pàá kiri pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, òfin sì gbà wọ́n láyè, nítorí kò sóhun tó burú nínú gbígbé ìbọn tó lọ́ta nínú ní gbangba níbẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1967, wọ́n gbé ìbọn wọn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní Sacramento. Kí oṣù keje tó parí, òfin tuntun ti dé tó fòpin sí i. Gómìnà tó buwọ́ lù ú ni Ronald Reagan, ẹni tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàárò yìí gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣàárò o. Mò ń sọ pé ẹni tó bá ń ṣàárò, kó rántí pé kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ọmọkùnrin dúdú láti Harlem gbé ìbọn wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà náà kó sì dé iléèwé ní àlàáfíà.

Kí wá ló yí padà? Àwọn tó ń ṣàárò ní ìdáhùn kan tí mo máa ń fetí sí: wọ́n ní irú ìbọn kọ́ ló yí padà, èèyàn ni. Wọ́n ní ẹ̀rí tó lágbára. Láti ọdún 1964 ni Colt ti ń ta AR-15 fún aráàlú, ìbọn tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ó wà lọ́jà lásìkò tí fífi ìwé ra ìbọn ṣì bófin mu, bóyá èèyàn rà á ni ká bi wọ́n. Wọn ò rà á tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìgbà náà ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Winchester tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín ti tó wọn. Ìfẹ́ ọkàn ló yí padà, lóòótọ́. Lọ́dún 1999, nígbà tí àwọn olùṣèwádìí béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní ìbọn pé kí ni wọ́n ní in fún, ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣọdẹ ni, ìpín 26 ní ààbò ni. Lọ́dún 2013, ààbò ti gòkè dé 48, ìṣọdẹ ti wálẹ̀ sí 32. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew béèrè lọ́dún 2023, ìpín 72 ní ààbò jẹ́ ìdí pàtàkì. Ilé tó ní ìbọn ò sì pọ̀ tó tàtijọ́: nínú àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ìdajì ilé ni ìbọn wà, láìpẹ́ yìí ìwádìí ń rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Síbẹ̀ ìbọn pọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Small Arms Survey fojú bù ú lọ́dún 2018 pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 393, ó ju èèyàn ibẹ̀ lọ. Èèyàn díẹ̀ ló ń kó púpọ̀ jọ.

Ẹni tó dàgbà nílé ọdẹ nílẹ̀ Yorùbá á mọ ohun tí mò ń wí. Ṣakabùlà bàbá ń kọ́ ara ògiri, ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bàbá ò sì jẹ́ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó láti fi han èèyàn. Ẹnu ihò rẹ̀ ni wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí, wọ́n á kì í, wọ́n á tún fi ọta sí i. Kí ọdẹ tó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ẹran ti sá wọgbó. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pàápàá ya irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀, kò pa á pọ̀ mọ́ ìbọn ìléwọ́. Bí ọdẹ bá kú, ìró ìbọn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sìnkú rẹ̀. Irinṣẹ́ ni, ó tún jẹ́ ohun iyì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí nítorí aládùúgbò. Ọjọ́ tí AK-47 dé inú igbó wa ni àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárò ṣakabùlà. Mo gbà pé ẹ̀dùn ọkàn ará Pennsylvania àti ti ará Òkè-Ògùn jọ ara wọn níbi yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ.

Àmọ́ ohun kan wà tí àárò kì í kà mọ́ ọn. Nínú àwọn ọdún 1960, èèyàn tó lé ní 2,000 ni ìbọn ń ṣèèṣì pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà: ọmọ tó ń fi ìbọn bàbá rẹ̀ ṣeré, ọdẹ tó pe ẹnìkejì rẹ̀ ní àgbọ̀nrín. Nígbà yẹn, èèyàn ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 200. Láìpẹ́ yìí tí wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 330, iye tí ìbọn ń ṣèèṣì pa lọ́dún kan ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 500. Ti ìpànìyàn náà ò lọ tààrà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó kéré nínú àwọn ọdún 1950, ó ga gan-an lẹ́yìn 1968, ó dé 10.2 nínú 100,000 èèyàn lọ́dún 1980, ó tún wálẹ̀ lẹ́yìn 1993 títí ó fi dín ní ìdajì iye yẹn ní ọdún 2014. Ẹni tó bá fẹ́ fi òfin nìkan ṣàlàyé ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yìí, apá ọ̀tún ni o, apá òsì ni o, iṣẹ́ pọ̀ fún un. Ikú tó pọ̀ jù lọ kò sì sí nínú ìtàn ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2021, ìbọn pa èèyàn 48,830 ní Amẹ́ríkà. 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọkùnrin tó ti dàgbà, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé lábúlé, tí ìbọn ìṣọdẹ ti wà nílé wọn látọdún pípẹ́. Àwọn gan-an ni wọ́n jókòó ti ìtàn náà.

Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní àárò tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kó tó di ọdún 1920, ẹni tó bá fẹ́ ìbọn ní London ń rà á ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1909, nígbà táwọn ọlọ́pàá Tottenham ń lé àwọn olè méjì, ọwọ́ àwọn tó ń kọjá lọ ni wọ́n ti yá ìbọn. Ohun tó mú òfin 1920 wá kì í ṣe olè. Ẹ̀rù pé àwọn ṣọ́jà tó ti ojú ogun dé lè ṣe irú ìdìtẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà ló ń ba ìjọba. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, Scotland, ní oṣù kẹta ọdún 1996, wọ́n fòfin de fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìbọn ìléwọ́ fún aráàlú. Àárò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ síta ò ní rí ìbò kankan mú.

Mo fẹ́ padà sí Pennsylvania kí n tó jókòó. Láti ọdún 1963 títí di ọdún 2018, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ni àsìkò pípa àgbọ̀nrín máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ ńlá ni. Iléèwé kì í ṣí ní ọ̀pọ̀ agbègbè, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà kì í ṣí, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á ti wà nínú igbó kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sún ọjọ́ náà sí Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Kò sí òfin ìbọn kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ ló ń dín kù, àwọn tó kù níṣẹ́ tí wọn ò lè fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ń retí pé àwọn ọ̀dọ́ á wá bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn àgbà ọdẹ bínú sí i, wọ́n ní àṣà ìrìn Ọjọ́ Àìkú lọ sí ahéré inú igbó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ iléèwé ibẹ̀ ṣì máa ń tì lọ́jọ́ Ajé náà.